Ọdún 18 Tàbí 21: Ìtàn Ọjọ́ Orí Ìbọn Rírà ní Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ 28, oṣù kejì, ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ ìtajà ńlá méjì ní Amẹ́ríkà kéde ohun kan náà. Edward Stack, ọ̀gá àgbà Dick's Sporting Goods tí ń ta ohun èlò eré ìdárayá àti ti ọdẹ, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní òwúrọ̀: láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 21 kò ní rí ìbọn rà ní ṣọ́ọ̀bù wọn mọ́. Kí ọjọ́ náà tó parí, Walmart, ilé ìtajà tó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ náà, sọ pé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òun náà yóò ṣe, àti fún ìbọn àti fún ọta rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, L.L.Bean ti ìpínlẹ̀ Maine àti Kroger, tó ni àwọn ilé ìtajà Fred Meyer, tẹ̀ lé wọn.

Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó yí padà ní ọjọ́ méjèèjì yẹn. Aṣòfin kankan kò dìbò, adájọ́ kankan kò sì dájọ́. Òfin tó wà nílẹ̀ láti ọdún 1968 ṣì ń sọ pé ọmọ ọdún 18 lè ra ráífù lọ́wọ́ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ. Àwọn tó dúró sẹ́yìn káńtà ni wọ́n sọ pé àwọn kò ní tà á fún un.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìtàn ọjọ́ orí tí ènìyàn fi lè ra ìbọn ní Amẹ́ríkà kò fìgbà kan jẹ́ ìtàn òfin nìkan. Ọwọ́ méjì ló wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ òfin àti ọwọ́ oníṣòwò, ọ̀kan a sì máa dé ibi tí èkejì kò dé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìkéde ọdún 2018 ṣe, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ, yóò ní láti tọpa ọwọ́ méjèèjì láti ẹ̀yìn wá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Parkland

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú ìkéde náà, ní ọjọ́ 14, oṣù kejì, agbébọn kan wọ ilé ẹ̀kọ́ girama Marjory Stoneman Douglas ní ìlú Parkland, ní ìpínlẹ̀ Florida. Ó pa ènìyàn 17: akẹ́kọ̀ọ́ 14 àti òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta. Ọmọ ọdún 19 ni. Ráífù irú AR-15 ló lò, èyí tí ọta ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìka bá ṣe ń fà á, láìjẹ́ pé ẹni tó mú un dúró láti tún un kì. Kò jí ìbọn náà. Lábẹ́ òfin ló ti rà á, ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí bá ti fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ oníṣòwò kan náà, lọ́jọ́ kan náà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò ní gbà fún un, nítorí kò tíì pé 21. Ìbọn kékeré ni òfin fi dù ú. Ìbọn tó jẹ́ ìbátan M16 tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbé lọ sójú ogun ni òfin ní kí ó máa mú lọ sílé.

Ní Dick's, ọ̀rọ̀ náà kan àwọn fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ wọn wò, wọ́n rí i pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù wọn ti ta ṣọ́tígọ́ọ̀nù fún agbébọn náà. Kì í ṣe ìbọn yẹn ló fi pa àwọn ọmọ náà, kò sì sí òfin tí wọ́n rú nígbà tí wọ́n ń tà á. Ohun tó da Stack láàmú gan-an nìyẹn. Wọ́n pa gbogbo òfin mọ́, síbẹ̀ ìbọn dé ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí oníṣòwò bá ti ṣe gbogbo ohun tí òfin ní kí ó ṣe, tí èyí sì ni àbájáde rẹ̀, a jẹ́ pé ohun tí òfin ń béèrè kò tó.

Ibi tí nọ́ńbà 21 ti wá

Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbọ́ ìkéde náà rò pé ńṣe ni àwọn oníṣòwò hùmọ̀ 21 láti inú orí ara wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà náà pẹ́ ju orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lọ, ohun ìjà gan-an ló sì bí i.

Nínú ìwé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń fi orúkọ Glanvill pè, èyí tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọdún 1188, ọjọ́ orí àgbà kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn. Àrólé jagunjagun orí ẹṣin di àgbà ní ọmọ ọdún 21. Àrólé ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ní ojúṣe ogun lórí di àgbà ní 15. Ní ti ọmọ oníṣòwò ìlú, ìwé náà kò dá iye ọdún kankan fún un: ọjọ́ tó bá ti lè ka owó, tó lè wọn aṣọ, tó sì lè bójú tó òwò bàbá rẹ̀ ló ti di àgbà. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ òpìtàn òfin ṣe ni pé ẹ̀wù irin àti ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń gbé lórí ẹṣin wúwo, ó sì gba pé kí egungun ọ̀dọ́ gbó, kí ó sì kọ́ṣẹ́, kí a tó fi í ránṣẹ́ sógun. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, 21 ti àwọn jagunjagun borí àwọn yòókù, ó di ọjọ́ orí àgbà fún gbogbo ènìyàn lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ti ibẹ̀ ṣí lọ sí Amẹ́ríkà gbé e dání lọ.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí lójú ọjà ni pé, bí ẹni tí kò tíì pé 21 bá bá oníṣòwò ṣe àdéhùn, ó lè yẹ àdéhùn náà bó bá wù ú, àfi bí ó bá jẹ́ lórí ohun kòṣeémáàní bí oúnjẹ àti aṣọ. Oníṣòwò tó bá ta ọjà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láwìn lè sunkún owó rẹ̀ títí láé, kí adájọ́ má dá a láre. Kò sí ìwé òfin tó sọ ní ìgbà náà pé a kò gbọdọ̀ ta ìbọn fún ọmọ ọdún 18. Ẹ̀rù àtipàdánù owó ló fún oníṣòwò ní ìdí láti béèrè pé, “Bàbá rẹ dà?” Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ṣe wà lórí káńtà kí ìjọba tó gbé e sínú òfin ìbọn.

Ṣùgbọ́n ẹyọ owó náà ní ojú kejì. Ní ọdún 1792, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí gbogbo ọkùnrin aláwọ̀ funfun tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, tí ara rẹ̀ sì le, láti ọmọ ọdún 18 sí 45, forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìpínlẹ̀ rẹ̀, kí olúkúlùkù sì pèsè ìbọn ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 18 tí oníṣòwò lè kọ̀ láti bá ṣe àdéhùn ni ìjọba ń pàṣẹ fún pé kí ó wá pẹ̀lú ìbọn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan rí ìṣòro yìí, wọ́n sì pàṣẹ pé òbí ni kí ó pèsè ìbọn fún ọmọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni 18 àti 21 ti ń du àyè mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìbọn.

Láti Alabama dé Dallas

Ní ọdún 1856, ìpínlẹ̀ Alabama ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ìbọn ìléwọ́ tàbí ọ̀bẹ ìjà fún ọmọkùnrin tí kò tíì dàgbà, kò gbọdọ̀ fi ta á lọ́rẹ, kò sì gbọdọ̀ yá a. Tennessee ṣe irú rẹ̀ ní ọdún kan náà, ṣùgbọ́n ó yọ ìbọn tí wọ́n fi ń ṣọdẹ sílẹ̀. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti tẹ̀ lé wọn.

Nǹkan méjì ló yẹ ní àkíyèsí nínú àwọn òfin wọ̀nyí. Èkínní ni pé ẹni tó ń tà ni wọ́n di ẹrù lé lórí, kì í ṣe ọmọ tó ń rà. Èkejì ni pé ìbọn ìléwọ́ àti ọ̀bẹ ni ọ̀pọ̀ wọn dojú kọ, kì í ṣe ìbọn gígùn. Ọmọ tó gbé ìbọn gígùn jáde lóko lé ẹranko kúrò nínú àgbàdo, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló ń ṣe. Ọmọ tó fi ìbọn ìléwọ́ sápò wọ ìgboro, ìjà ni wọ́n rò pé ó ń wá. Ìyàtọ̀ tí àwọn ènìyàn ọ̀rúndún 19 ṣe láàárín ìbọn oko àti ìbọn ìgboro yìí ló wà nídìí òfin tí Parkland tú àṣírí rẹ̀ ní ọdún 2018.

Nígbà tí ọ̀rúndún 20 bẹ̀rẹ̀, káńtà fúnra rẹ̀ fẹ́ẹ̀ pòórá. Sears, Roebuck ń tẹ ìwé ọjà jáde, nínú èyí tí ìbọn wà pẹ̀lú bàtà, sítóòfù àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹni tó bá ní owó yóò kọ lẹ́tà, ẹrù yóò sì dé. Ta ni yóò wo ojú ẹni tó kọ lẹ́tà? Ní ọdún 1927, òfin kan dá ilé ìfìwéránṣẹ́ dúró pé kò gbọdọ̀ gbé ìbọn ìléwọ́ fún aráàlú mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ akẹ́rù aládàáni ń gbé e, ráífù sì ń lọ bó ti ń lọ tẹ́lẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1963, ọkùnrin kan gé ìwé ìpolówó kan nínú ìwé ìròyìn, ó fi dọ́là 21 àti sẹ́ǹtì 45 ránṣẹ́ sí ilé ìtajà Klein's ní Chicago, ó ní A. Hidell lòun ń jẹ́. Ráífù ilẹ̀ Ítálì kan, pẹ̀lú awò ìtọ́ka, dé àpótí ìfìwéránṣẹ́ rẹ̀ ní Dallas. Lee Harvey Oswald ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ ọdún 23 ni, nítorí náà òfin ọjọ́ orí kò lè dá a dúró; ṣùgbọ́n oníṣòwò tó ta ìbọn fún un kò rí ojú rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 22, oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n yìnbọn pa Ààrẹ John F. Kennedy.

Ọdún márùn-ún ni àwọn aṣòfin fi fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ó di ìgbà tí wọ́n pa Martin Luther King ní Memphis ní oṣù kẹrin ọdún 1968, tí wọ́n sì pa Robert Kennedy ní Los Angeles ní oṣù kẹfà, kí òfin tó jáde. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, ọdún 1968, Ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lu Òfin Ìkápá Ìbọn. Òfin náà fi òpin sí ríra ìbọn nípa lẹ́tà láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, ó sì dá ọjọ́ orí fún gbogbo oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ: 21 fún ìbọn ìléwọ́, 18 fún ráífù àti ṣọ́tígọ́ọ̀nù. Ìbọn ìgboro àti ìbọn oko, bí ti Alabama àti Tennessee. Bẹ́ẹ̀, ìbọn Ítálì tó pa Kennedy, ráífù ni. Johnson fúnra rẹ̀ sọ lọ́jọ́ náà pé òfin yìí kò tó ohun tí òun béèrè, nítorí kò ní ìforúkọsílẹ̀ ìbọn nínú.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ orí àgbà fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ní ọdún 1971, nígbà tí ogun Vietnam ń jẹ àwọn ọ̀dọ́ run, Amẹ́ríkà tún ìwé òfin ilẹ̀ rẹ̀ ṣe kí ọmọ ọdún 18 lè dìbò. Ẹni tó tó kú fún ìlú tó láti yan olórí rẹ̀. Ní ọdún 1984, ìjọba kan náà lo owó títì láti fi mú àwọn ìpínlẹ̀ gbé ọjọ́ orí ọtí padà sí 21. Ọmọ ọdún 19 wá di àgbà níwájú àpótí ìbò, ọmọdé níwájú ìgò ọtí, àgbà níwájú ráífù, ọmọdé níwájú ìbọn ìléwọ́.

Àwọn tó kọ̀ láti tà

Òfin ọdún 1968 sọ ẹni tí oníṣòwò kò gbọdọ̀ ta ìbọn fún. Kò sọ ẹni tó di dandan kí ó tà á fún. Àlàfo yìí ni àwọn ilé ìtajà ńlá ti ń lò tipẹ́ ṣáájú Parkland.

Ní ọdún 1993, Walmart dáwọ́ ìbọn ìléwọ́ títà dúró ní gbogbo ìpínlẹ̀ àyàfi Alaska. Ní oṣù kẹrin ọdún 1999, ọmọ ilé ìwé méjì pa akẹ́kọ̀ọ́ 12 àti olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama Columbine ní Colorado. Kmart ni wọ́n ti ra díẹ̀ nínú ọta wọn, nígbà tí àwọn tó yè bọ́ sì lọ bá ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 2001, Kmart gbà láti má ta ọta ìbọn ìléwọ́ mọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2012, agbébọn ọmọ ọdún 20 kan pa ọmọ kéékèèké 20 àti àgbà mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Sandy Hook ní Connecticut. Dick's kó irú ráífù AR-15 kúrò ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń jẹ́ Dick's. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí àwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn tó pè ní Field & Stream, ó tún ń tà á níbẹ̀. Ní ọdún 2015, Walmart náà kó o kúrò, ó ní àwọn oníbàárà kò fi bẹ́ẹ̀ béèrè rẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọ̀nyí jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà: èyí ni a ó tà, èyí ni a kò ní tà. Ohun tó jẹ́ tuntun ní ọdún 2018 ni pé àwọn oníṣòwò yan ẹni tí wọn yóò tà fún. Dick's kó AR-15 kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù Field & Stream 35 tó ní, kò sì dá àwọn ìbọn náà padà fún ẹni tó ṣe wọ́n; ó fọ́ wọn di àlòkù irin. Stack sọ lẹ́yìn náà pé iye wọn tó mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là, àti pé gbogbo ìpinnu náà ná ilé-iṣẹ́ òun ní nǹkan bí mílíọ̀nù 250 dọ́là nínú ọjà tí wọn ì bá tà. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ìbọn, National Shooting Sports Foundation, lé Dick's jáde. Ilé-iṣẹ́ Springfield Armory tó ń ṣe ìbọn ní òun kò bá a ṣòwò mọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ kàn náà kò dákẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, ọmọ ogún ọdún kan ní ìpínlẹ̀ Oregon gbé Dick's àti Walmart lọ sílé ẹjọ́. Ọmọ ọdún 18 kan gbé Dick's lọ ní Michigan. Òfin ìpínlẹ̀ méjèèjì kò fẹ́ kí ilé ìtajà fi ọjọ́ orí ya àgbà kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Ẹ̀sùn wọn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìjọba tó lè fi ráífù lé ọmọ ọdún 18 lọ́wọ́ kí ó lọ jagun, báwo ni oníṣòwò yóò ṣe sọ fún ọmọ náà, nígbà tó bá padà sílé, pé kò tíì dàgbà tó láti fi ìbọn pa àgbọ̀nrín? Ọmọ obìnrin 20 tó ń dá gbé, tó ń bẹ̀rù ọkọ àfẹ́sọ́nà tó ń lépa rẹ̀, ṣé òun kò ní ẹ̀tọ́ láti dáàbò bo ara rẹ̀? Kódà Dick's fúnra rẹ̀ ní ìdáhùn tí kò rọrùn láti fún wọn: bàbá Edward Stack jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Binghamton ní ọdún 1948, pẹ̀lú 300 dọ́là tí ìyá rẹ̀ àgbà kó fún un láti inú ìkòkò bísíkíìtì. Bí ti ọmọ oníṣòwò inú ìwé Glanvill, ó ti lè ka owó, ó sì ti di àgbà.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Ìbéèrè tó le jù ni bóyá ìkéde náà ṣe ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Yorùbá ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, lẹ́yìn tí agbébọn kan ti pa ènìyàn púpọ̀ nínú ilé ìtajà Walmart kan ní El Paso, ọ̀gá àgbà Walmart, Doug McMillon, kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ọjà ìbọn Amẹ́ríkà ló wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Bí ilé ìtajà tó tóbi jù lọ bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ọmọ ọdún 18, àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí kò lóǹkà ṣì ṣí sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn wọn ni ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ wà, tí òfin ìjọba àpapọ̀ kò dá ọjọ́ orí kankan fún lórí títa ìbọn gígùn fún ará ìpínlẹ̀ rẹ̀. Agbébọn Sandy Hook kò tilẹ̀ dé ọjà. Ìbọn ìyá rẹ̀ ló gbé.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ọmọ ọdún 18 kan fi ráífù tó rà lábẹ́ òfin pa ènìyàn 10, gbogbo wọn aláwọ̀ dúdú, nínú ilé ìtajà oúnjẹ kan ní Buffalo. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọdún 18 mìíràn pa ọmọ 19 àti olùkọ́ méjì ní ilé ẹ̀kọ́ Robb ní Uvalde, ní Texas. Ìwádìí tí àwọn aṣòfin Texas ṣe fi hàn pé nígbà tí ti Uvalde yìí wà ní 17, ó bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n bá òun ra ìbọn. Wọ́n kọ̀. Ó dúró de ọjọ́ ìbí rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin tó pé 18, ó ti ra ráífù méjì.

Ẹ̀rí méjì ló wà nínú ìtàn yìí, wọ́n sì lòdì síra wọn díẹ̀. Àwọn tó ní ọjọ́ orí kò ṣe nǹkan kan kò tọ̀nà, nítorí 18 tó wà nínú òfin dá a dúró fún oṣù bíi mélòó kan, àwọn ènìyàn tí kò sì gbà fún un ló jẹ́ kí ó dúró. Àwọn tó ní ìpinnu oníṣòwò tó náà kò tọ̀nà, nítorí ìkéde Walmart àti Dick's ti pé ọdún mẹ́rin nígbà náà, kò sì dí i lọ́wọ́. Ó rí ẹlòmíràn rà á lọ́wọ́ rẹ̀, lábẹ́ òfin.

Ibi tí ìkéde 2018 ti lágbára ni ibi tí òfin ti tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 9, oṣù kẹta, ọdún 2018, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn ìkéde náà, Gómìnà Rick Scott ti Florida, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Republican, buwọ́ lu òfin tó gbé ọjọ́ orí gbogbo ìbọn rírà sí 21 ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Vermont ṣe tirẹ̀ ní oṣù kẹrin, California àti Washington kí ọdún náà tó parí. New York gbé ọjọ́ orí ráífù irú èyí sí 21 lẹ́yìn Buffalo. Ìkéde àwọn oníṣòwò kọ́ ló bí gbogbo òfin wọ̀nyí. Ẹkún àwọn òbí àti ìrìn ẹ̀hónú àwọn ọmọ ilé ìwé ló bí wọn. Ṣùgbọ́n ó ṣòro fún aṣòfin láti sọ pé òwò yóò bàjẹ́ nígbà tí àwọn olówò ńlá ti ṣe é fúnra wọn. Ìjọba àpapọ̀ ní tirẹ̀ ṣe òfin ní oṣù kẹfà ọdún 2022 tó fi kún ìwádìí lórí ẹni tí kò tíì pé 21. Kò fọwọ́ kan 18.

Ẹjọ́ tó padà sí ìtàn

Ní oṣù kẹfà ọdún 2022 kan náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ nínú ẹjọ́ Bruen pé òfin ìbọn tó bá máa dúró gbọ́dọ̀ bá ìṣe àtọdúnmọ́dún ilẹ̀ náà mu. Láti ọjọ́ náà, ìtàn ogbó ti di ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn agbẹjọ́rò. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wà fún Texas, Louisiana àti Mississippi ka òfin ọmọ ogun ọdún 1792, ó sì dájọ́ pé kíka ìbọn ìléwọ́ léèwọ̀ fún ọmọ ọdún 18 sí 20 lòdì sí ìwé òfin ilẹ̀. Ní oṣù kẹta, èyí tó wà fún Florida, Georgia àti Alabama ka òfin àdéhùn àtijọ́, pé ẹni tí kò pé 21 kì í lè dá ra ọjà tí oníṣòwò yóò fọkàn balẹ̀ lé, ó sì fi òfin Florida múlẹ̀. Ní oṣù kẹfà, èyí tó wà fún Maryland àti Virginia gbè sẹ́yìn òfin 1968. Ní Florida fúnra rẹ̀, ilé aṣojú ti dìbò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ọjọ́ orí padà sí 18. Ilé ìgbìmọ̀ àgbà kò gbà.

Ohun tí àwọn adájọ́ wọ̀nyí ń jà lé lórí ni ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ìjọba tó fi ìbọn lé ọmọ ọdún 18 lọ́wọ́ àti oníṣòwò tó kọ̀ láti tà á fún un láwìn. Ìtàn kò yan ọ̀kan fún wọn, nítorí àwọn méjèèjì ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ kí ìtàn lè bá a dájọ́ yóò bá ohun tó gbé dání lọ padà wálé.

Oníṣòwò tó sọ pé òun kò tà lè wẹ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kékeré. Ẹni tó ta ìbọn tí ó sì gbọ́ ohun tí wọ́n fi ṣe ló mọ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n ìpinnu ilé-iṣẹ́, ọ̀gá mìíràn lè yí i padà ní ìpàdé kan, aládùúgbò rẹ̀ kò sì ní láti tẹ̀ lé e. Òfin nìkan ló lè béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ gbogbo káńtà. Bí àwọn ẹni tí ọmọ ọdún 17 lọ bá ní Uvalde bá lè mọ̀ pé kò yẹ kí àwọn bá a ra ìbọn, òfin tó ní kí ẹlòmíràn tà á fún un ní ọjọ́ kejì ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni ó yẹ kí ó wá sọ ohun tó yí padà nínú ọmọ náà láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn.